Ìgò Omi Méjì ní Odò Tugas

Ní ìlú tí mò ń gbé báyìí, òjò kì í pariwo. Ó máa ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, kò ní ààrá, kò ní òórùn, àwọn tí a bí síbí kì í tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Èmi nìkan ni mo ṣì máa ń wo aago ọwọ́ mi nígbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá kan fèrèsé, tí mo sì máa ń ka ìṣẹ́jú. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rán mi níṣẹ́ òjò gbẹ̀yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Abundio ni orúkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń bójú tó omi ìlú wa ní erékùṣù Cebu, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún mi kò gba ọgbọ́n púpọ̀: kí n mọ ohun tí àgbàrá ń kó wọ odò Tugas. Odò náà kò tó nǹkan. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn lè fò ó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, gọ́tà ńlá kan tó ti òpópó òkè wá, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti gáréèjì bọ́ọ̀sì wà, á ya ẹnu sínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ìlú ti dà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì wọ́ wá. Lábẹ́ ẹnu gọ́tà yìí ni ilé méjìlá tò sí etí odò, lórí òpó igi, títí dé afárá.

Ọ̀gá mi, Ẹnjiníà Villaceran, ń fẹ́ ìgò méjì ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀: ọ̀kan láti ẹsẹ̀ ilé àkọ́kọ́, kété lábẹ́ ẹnu gọ́tà, èkejì láti abẹ́ afárá. Ohun tó bá wà nínú ìgò òkè, ìlú ló dà á. Ohun tí ìgò ìsàlẹ̀ bá fi jù ú lọ, àwọn ilé méjìlá ló ni ín. Omi náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Àgbàrá dà bí ẹni tínú ń bí: ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni òtítọ́ ọkàn rẹ̀. Tó bá yá, ara rẹ̀ á wálẹ̀, omi á sì tòrò bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Afárá kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa, mo lè sáré dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè wà níbi méjì. Bí mo ṣe di ẹni tó lọ dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé àkọ́kọ́ nìyẹn, pẹ̀lú òòlù, ìṣó, àti igi ìwọ̀n tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa.

Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú àgbàdo lílọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi igi yẹn ṣe, Dong?" Bí a ṣe ń pe ọ̀dọ́kùnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

"Mo fẹ́ kàn án mọ́ òpó ilé yín, ká lè mọ bí omi bá ṣe ga tó."

"Bí omi bá ga, ẹsẹ̀ wa á tutù. Igi kọ́ ló máa sọ fún wa."

"Mo tún ń wá ẹni tí yóò máa bu omi odò sínú ìgò fún mi bí òjò bá bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé àwo àgbàdo sílẹ̀. "Omi odò yìí? Ṣé kò sí ìdọ̀tí ládùúgbò tiyín ni?"

"Ó wà. Tiyín ni wọ́n ní kí n wá gbé."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ohùn ọkùnrin kan wá láti inú ilé: "Leonila, ta nìyẹn?"

"Ìjọba ló rán an, Tatay. Ó fẹ́ gbé ìdọ̀tí wa lọ."

"Kó gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgò kéré."

Bàbá rẹ̀ nìyẹn, Tatay Basilio, tó ti fi èjìká ru ẹrù ní èbúté fún ogún ọdún. Ìyàwó rẹ̀, Nanay Pacing, ló jáde sí mi. Kò bi mí ní orúkọ. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, kí n tó dáhùn ó ti gbé kọfí àgbàdo yíyan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó nu etí ife náà kó tó gbé e wá. Ó wo ìgò tí mo gbé sílẹ̀ dáadáa.

"Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Èmi ni, Nanay."

Ó wo odò, ó wo mí, ó padà wọlé.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà. Mo bu ti afárá tán, mo wá ń rìn bọ̀ ní etí odò, garawa yìnyín tí mò ń kó ìgò sí lọ́wọ́ ọ̀tún, agbòjò yíya lọ́wọ́ òsì. Leonila ti bu ti òkè nígbà tó yẹ, ó ti gbé ìgò wọlé, ó sì ti ń bá bàbá rẹ̀ gbé ẹní àti àpótí lé orí àjà, nítorí omi ti ń gun òpó. Nanay Pacing ló gbé ìgò náà jáde. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì gbé e lé tèmi. Ìgò dúdú ni à ń lò, bí ìgò oògùn, ojú kò lè rí inú rẹ̀. Mo ti fún Leonila ní àwọn ìwé pélébé tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn, kó kọ aago tó bu omi náà sí i. Ilé àyẹ̀wò ni mo dé kí n tó ka ohun tó kọ: Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbòjò rẹ ti ya.

Òjò kejì: Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. O pẹ́.

Òjò kẹta: Aago kan àbọ̀. Tatay ń bèèrè ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì fún ọ.

Nígbà tí mo gbé ìgò òfìfo padà fún un, mo kọ sára rẹ̀ pé èmi fúnra mi ni. Lórí ìgò kẹrin, lẹ́yìn aago, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: Ó hàn.

Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn, láti òjò dé òjò. Láàárín òjò kan sí èkejì, n kò ní ìdí kankan tí mo fi lè dé ilé wọn, ojú sì ń tì mí láti wá a láìsí ìgò lọ́wọ́. Gbogbo ará etí odò ń bẹ̀rù kùrukùru. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní, wọ́n á máa ṣe àmì àgbélébùú. Èmi á sì wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó rọ̀. Mo mọ̀ pé bí àdúrà mi bá gbà, omi á wọ ilé wọn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá sì rọ̀ tán, tí mo bá rí Leonila tó di gèlè mọ́rí, tí aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún, tó ń rẹ́rìn-ín mi láti orí àtẹ̀gùn, inú mi á dùn, ojú á sì tún tì mí pé inú mi dùn.

"Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan.

"Ṣé omi yìí náà?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìwọ ni mò ń bá wí, ọ̀dẹ̀."

Nínú oṣù kẹsàn-án, mo lọ bá bàbá rẹ̀. Ó jókòó, ó ń rán ìrọ̀rí kékeré tó máa ń fi sí èjìká kó tó gbé àpò.

"Tatay, mo fẹ́ Leonila."

"Èmi náà fẹ́ ẹ. Èmi ni mo bí i." Ó fi eyín já òwú. "Gbọ́, Dong. Wọ́n ń sọ ọ́ ní èbúté pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ilé etí odò kúrò. Ìwọ tó ń gbé ìgò lọ, ta lò ń gbé e fún?"

"Ìgò kò lè lé èèyàn kúrò nílé, Tatay. Yóò gbèjà yín ni. Ọ́ìlì tó ń ti inú gọ́tà wá kì í ṣe tiyín. Bí ìwé bá jáde, gbogbo èèyàn á rí i pé ìlú ló ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí yín lẹ́sẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó gbé ìrọ̀rí náà sílẹ̀. "Ó dáa. Láti oṣù kẹfà lo ti ń gbé omi kúrò nílé mi. Wá máa gbé e wá báyìí, títí di ọdún Santo Niño ní oṣù kìíní. Ká wo èjìká rẹ."

Pangagad nìyẹn, kí ọkọ ìyàwó fi iṣẹ́ ọwọ́ sin àna rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà wa ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ní ọ́fíìsì wọ́n sọ mí ní akọ̀wé apọnmi. Ní gbogbo àárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń tò ní ìdí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta, màá gbé garawa méjì gun àtẹ̀gùn Tatay Basilio, màá dà á sínú ìkòkò ńlá Nanay Pacing, màá la igi ìdáná díẹ̀, màá wá lọ.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ló wá sọ ọ́. "Ẹja gbígbẹ ni mo tà fi rán ọ níwèé. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi di òní. Ṣé torí kó o lè pọnmi fún alábàárù lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Manang Quirina, ló ṣe alárinà láàárín wa. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bíi mẹ́wàá lọ gbé e bọ̀ ní àdúgbò wa. Ó lọ sí etí odò fúnra rẹ̀, ó mu kọfí, ó wo ilé, ó padà wá bá ìyá mi.

"Ilé náà mọ́ ju tìrẹ lọ."

"Lórí omi ìgbẹ́ yẹn?"

"Lórí omi ìgbẹ́ yẹn náà ni. Obìnrin yẹn nu àga kó tó jẹ́ kí n jókòó, ó tún nù ún nígbà tí mo dìde. Jẹ́ kí ọmọ pọnmi. Ọkùnrin tó bá lè gbé garawa méjì gun àtẹ̀gùn yẹn láìta á sílẹ̀, kò ní da ìyàwó nù."

Nínú oṣù kọkànlá, Ẹnjiníà Villaceran pè mí wọlé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó tẹ́ àwọn ìwé àyẹ̀wò òjò méjìdínlógún sórí tábìlì, ó wá fi pẹ́ńsùlù tọ́ka sí wọn.

"Wò ó. Ti òkè mọ́ ní gbogbo ìgbà. Ti afárá burú ní gbogbo ìgbà. Ìlú kò ba odò jẹ́, Abundio. Ilé méjìlá yẹn ni."

"Ọ̀gá, gọ́tà yẹn ń da ọ́ìlì. Mo rí ìlà dúdú lára igi ìwọ̀n."

"Ìlà ò ṣeé kọ sínú ìwé. Ohun tó wà nínú ìgò la ń kọ. Ta ló ń bu ti òkè?"

"Ọmọ ilé náà."

"Ṣé ó ń bù ú lásìkò?"

"Lásìkò, sà."

"Ṣé ó ń bù ú bó ṣe yẹ?"

Gbogbo ayé mi ló wà nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré tó wà láàárín ìbéèrè yẹn àti ìdáhùn mi. Mo mọ̀ pé omi tó ti abẹ́ gáréèjì bọ́ọ̀sì wá kò lè mọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ti rí i. Ó yẹ kí n sọ pé ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ bi Leonila? Pé ṣé o ń tàn mí ni? Bàbá rẹ̀ á gbọ́, á ní ọmọ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọmọ òun. Ó ku oṣù méjì kí iṣẹ́ àna mi parí. Bí wọ́n bá sì ní ẹlòmíràn ni kó máa bu omi náà, kí ni yóò tún máa gbé mi dé àtẹ̀gùn yẹn?

"Ó ń bù ú bó ṣe yẹ, sà."

"Fọwọ́ sí i nígbà náà."

Mo fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé ìwé lásán ni, pé á pẹ́ kó tó dé ibikíbi.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọdún Santo Niño, a lọ ṣe pamalaye, ìtọrọ ìyàwó. Ìyá mi wọ aṣọ tó wọ̀ sìnkú bàbá mi, kò ní òmíràn tó dára. Manang Quirina ló sọ̀rọ̀ fún wa. Arákùnrin Tatay Basilio ló dáhùn fún wọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ṣe eré bó ti yẹ: àwa ń wá òdòdó kan, àwọn ní ògiri ni àwọn ní, wọn kò ní ọgbà. Àwọn ará ilé mọ́kànlá yòókù ti kún orí àtẹ̀gùn àti ojú fèrèsé. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré sísun kan wà, ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ewé àgbọn híhun, àti ẹmu àgbọn nínú ìkòkò. Tatay Basilio dìde, ó ní òun ti wo èjìká mi, èjìká náà dáa. Ìgbéyàwó á wáyé lẹ́yìn Àjíǹde. Àní ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Àsìkò náà ni ọtí díẹ̀ mú Nanay Pacing sọ̀rọ̀, òun tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ.

"Ẹ má rò pé a kò mọ iyì ọmọ yín," ó wí fún ìyá mi. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gun àtẹ̀gùn yìí ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe torí omi ló ṣe wá. Mo ní, ṣé ọmọ mi ló máa gbé omi ìgbẹ́ lé ọkùnrin tó wá fẹ́ ẹ lọ́wọ́? Kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi imú fà á, kí wọ́n ní ilé àna Abundio nìyí? Rárá o. Bí Leonila bá gbé ìgò wọlé, tó bọ́ sí ìdí ẹrù, màá da omi náà sínú ìkòkò, màá jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sìlẹ̀, màá fi aṣọ àpò ìyẹ̀fun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Màá fọ ìgò. Bí kò bá kún mọ́, màá fi díẹ̀ kún un nínú omi tí Abundio fúnra rẹ̀ pọn wá." Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ǹjẹ́ omi wa rùn sí ọ rí, ọmọ mi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Manang Quirina pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí àna gidi." Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí ohun tí n óò sọ.

Mo rí òjò méjìdínlógún náà lójú ọkàn mi. Mo rí àwọn ènìyàn tó wà lójú fèrèsé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹran ìtọrọ mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí n dójú ti obìnrin yẹn níwájú àna rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀ tó ga jù lọ? A kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

"Kò rùn rí, Nanay," ni mo sọ. Mo gbé ife ẹmu, mo sì mu ún tán. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, mo rí i pé Leonila ń wo ọwọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹnjiníà Villaceran. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ìwé ti gòkè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò lè fi ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ nídìí ọtí fa á padà. Bu òmíràn wá. Òjò kan péré, omi ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi bù ú. Èmi fúnra mi ni màá gbé e tẹ̀lé ìwé náà."

Òjò kan péré ni mo nílò. Oṣù kejì wọlé, ojú ọ̀run funfun bí àwo. Mo máa ń gbé ìgò lọ sí etí odò kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú ọ̀sán, lẹ́yìn iṣẹ́. Oṣù kẹta, ẹrẹ̀ odò sán, ewúrẹ́ ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn ará etí odò ń dúpẹ́ pé ẹní wọn gbẹ. Mo ti gba òjò bẹ́ẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí n kò nílò ju ẹ̀rín lọ. Nígbà tí mo wá nílò rẹ̀, ó tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, àwọn ọkùnrin kan wá fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilé wọn, láti ìkíní dé ìkejìlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Leonila wá bá mi ní ìdí ẹ̀rọ omi. N kò tíì dẹ́kun omi pípọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

"O ti mọ̀," mo ní.

"Láti ìgbà tí o ti mu ẹmu yẹn. O mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, o ò wo ojú Nanay."

"Màá lọ sọ fún bàbá rẹ lónìí. Gbogbo rẹ̀."

"O ò ní sọ fún un." Ó mú garawa kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí Nanay ń ṣe láti àná? Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń bá wọn sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ sí. Bó bá gbọ́ pé aṣọ ìyẹ̀fun òun ló lé wọn jáde, kò ní pa ara rẹ̀. Yóò kàn jókòó, kò sì ní dìde mọ́. Mo mọ ìyá mi."

"Wọ́n á bèèrè, Leonila. Orúkọ mi wà lórí ìwé náà."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rò, jẹ́ kí wọ́n máa rò ó."

"Pé mo tà yín."

"Pé o tà wá." Kò gbójú kúrò lójú mi. "Mo bi ọ́ léèrè. Nínú oṣù kọkànlá tí o fọwọ́ sí i, ṣé o kò fura?"

N kò lè parọ́ fún un. "Mo fura."

"O ò sì bi mí."

"Mo bẹ̀rù pé màá pàdánù rẹ."

Omi ń ṣàn kọjá etí garawa, kò sí ẹni tó ti ẹ̀rọ náà pa. Mo ní, "Àwa méjèèjì ńkọ́? A lè lọ. A lè pa á mọ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀."

"Wo bí a ó ṣe jókòó," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ìwọ, èmi, Nanay, ìdí tábìlì kan, ní gbogbo ọdún Kérésìmesì. Ó gbé omi mímu fún ọ. Kí lo máa wò, Abundio? Ṣé ife ni, àbí ojú rẹ̀? Ọjọ́ kan ló máa rí i lójú rẹ. Tàbí lójú tèmi."

Ó bá mi gbé garawa kan dé ìdajì ọ̀nà, ohun tí kò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì bọ́ síwájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n wá wó àwọn ilé náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, níwájú gbogbo wọn, Tatay Basilio na ìwé kan sí mi. Ẹnì kan ní èbúté ti bá a rí i.

"N kò mọ̀wé púpọ̀. Orúkọ ta nìyí?"

"Orúkọ mi ni, Tatay."

"Ìwọ ló kọ ọ́ pé àwa la ba odò jẹ́?"

Nanay Pacing dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ká aṣọ sínú àpótí. Mo rí aṣọ àpò ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ rẹ̀, funfun, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Leonila dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀ péré, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Kò lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. "Omi tí o pọn fún wa," ó wí, "a ti mu ún. Bó bá ṣeé ṣe, à bá bì í padà fún ọ." Nanay Pacing ló ṣépè fún mi, ní ohùn kan tí n kò mọ̀ pé ó ní, ó sì ń sunkún bó ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Ìyá kan tutọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí orí òkè lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí odò, kò sí ẹ̀rọ omi, kò sì sí èbúté. Leonila jókòó sẹ́yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Mo sáré kọjá afárá, n kò tilẹ̀ bu ti ìsàlẹ̀. Ní etí odò, òpó kan péré ló ṣì dúró, èyí tí igi ìwọ̀n wà lára rẹ̀, torí pé ohun ìní ọ́fíìsì ni wọ́n kà á sí. Mo wọ inú odò dé àyà. Mo bu omi ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé àyẹ̀wò, nígbà tí mo dà á jáde, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ìdáná, ọ́ìlì náà sì tẹ́ sójú rẹ̀ ní àwọ̀ òṣùmàrè. Ẹnjiníà Villaceran ka nọ́ńbà náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì gbé e gòkè bó ti ṣèlérí. Wọ́n ti kó àwọn ilé kúrò nígbà náà, nítorí náà kò sí ẹni tó ní ìdí láti kà á.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo wọ ọkọ̀ òkun. Mo gbéyàwó níbí, obìnrin jẹ́jẹ́, ó ti lọ sinmi. Mo gbọ́ pé Leonila náà lọ́kọ, ó bí ọmọ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé Tatay Basilio kò gbé ẹrù mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé orí òkè yẹn, pé ọ̀nà èbúté jìn jù fún un. Ìyá mi kú láìgbàgbọ́ pé ọmọ òun ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò bi mí rí. Wọ́n ní pangagad mi parí ní ọdún Santo Niño. Kò parí nígbà náà.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́tà kan dé. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà kí n tó ya á.

"Nanay lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Títí tó fi dákẹ́, bí òjò bá ti ń rọ̀, á dìde jókòó, á sì máa ṣépè fún ọ, á dárúkọ rẹ ní kíkún. Lẹ́yìn náà á sùn dáadáa. Kò mọ nǹkan kan. Mo dúpẹ́, Abundio."

Ó fọwọ́ sí i. Lókè ìwé náà, níbi tí àwọn èèyàn máa ń kọ ọjọ́ sí, ó kọ ọ́ kékeré, bó ṣe máa ń kọ ọ́ sára ìgò: Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O pẹ́.